Owó Ìrànlọ́wọ́ fún Ẹ̀kọ́ Gíga ní Amẹ́ríkà, àti Àkókò Tí Ó Yẹ Kí A Bèèrè Rẹ̀

Ọdọọdún ni àwọn ọmọ Yorùbá ń parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Houston, ní Atlanta, ní Chicago, ní New York, àti ní ìpínlẹ̀ Maryland. Bí ìwé ìgbàwọlé sí yunifásítì bá ti dé, ayọ̀ a kún inú ilé. Ṣùgbọ́n bí a bá ka iye owó tí a óò san, ilé a pa rọ́rọ́. Nígbà náà ni bàbá yóò wá iṣẹ́ òru kún iṣẹ́ ọ̀sán, tí ìyá yóò sì lọ fi ọwọ́ sí ìwé gbèsè tí yóò máa san títí irun orí rẹ̀ yóò fi funfun. Nínú ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, owó wà tí ìjọba àpapọ̀ tàbí ìjọba ìpínlẹ̀ ti yà sọ́tọ̀ fún irú ọmọ náà, èyí tí a kì yóò san padà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bèèrè rẹ̀ ní àkókò, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

A kọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn òbí tí ń gbé lọ́hùn-ún, àti fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé tí ẹ ní ọmọ, àbúrò tàbí ọmọ-ọmọ níbẹ̀. Nítorí nígbà púpọ̀ ni wọ́n máa ń bi àwọn àgbà ilé léèrè kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé gbèsè. Ó dára kí ẹni tí a bi léèrè mọ ohun tí yóò wí.

ÌRÚ OWÓ MẸ́RIN

Kí a tó wá owó, ó yẹ kí a mọ irú èyí tí à ń wá. Mẹ́rin ni wọ́n.

Èkíní ni owó ẹ̀bùn. Ọmọ tí owó ilé rẹ̀ kò tó ni a ń fi í fún, a kì í sì í san án padà bí ọmọ náà bá ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Èyí tí ó tóbi jù nínú irú rẹ̀ ni Pell Grant ti ìjọba àpapọ̀. Ní ọdún 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ní ọdún 1980 ni wọ́n sì fi orúkọ Claiborne Pell pè é, ẹni tí ó jẹ́ aṣòfin àgbà láti ìpínlẹ̀ Rhode Island. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, iye tí ó pọ̀ jù tí ọmọ kan lè gbà nínú rẹ̀ ni 7,395 dọ́là.

Èkejì ni sikọ́láṣíìpù. A ń fi í fún ọmọ nítorí òye rẹ̀ nínú ìwé, tàbí nítorí eré ìdárayá, tàbí nítorí irú iṣẹ́ tí ó fẹ́ kọ́. Èyí pẹ̀lú, a kì í san án padà.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, èyí tí òfin ọdún 1964 dá sílẹ̀. Ọmọ a máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀, bóyá ní ilé ìkàwé tàbí ní ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́, a ó sì máa san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un.

Ẹ̀kẹrin ni owó yíyá. Gbèsè ni, bí wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kan náà pẹ̀lú owó ẹ̀bùn. Oríṣi rẹ̀ kan wà tí ìjọba ń san èlé orí rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ṣì wà nílé-ẹ̀kọ́; oríṣi mìíràn wà tí èlé rẹ̀ ń gorí láti ọjọ́ tí a ti gba owó náà. Ẹ̀kẹta wà tí wọ́n ń pè ní Parent PLUS: gbèsè ti òbí fúnra rẹ̀ ni èyí, kì í ṣe ti ọmọ. Bí ọmọ tilẹ̀ di ọlọ́rọ̀ lọ́la, orúkọ ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé.

Ìlànà tí ó tọ́ ni pé kí a bèèrè èkíní àti èkejì tán pátápátá, kí a tó wo ẹ̀kẹta. Kí a sì lo ẹ̀kẹta kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀kẹrin. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kẹrin ti fi ẹsẹ̀ òsì wọ ọ̀nà náà.

ÀWỌN TÍ Ó LẸ́TỌ̀Ọ́ SÍ I

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, yálà a bí i síbẹ̀ tàbí ó gba ìwé rẹ̀ nígbà tí ó dàgbà, lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè owó ìjọba àpapọ̀. Bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ni ẹni tí ó ní gríìn káàdì, àti àwọn tí ìjọba ti gbà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó sá wá fún ààbò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ìlú pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, tí à ń pè ní F-1, kò ní ìpín nínú owó ìjọba àpapọ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ̀wé sí yunifásítì tí ó fẹ́ lọ, nítorí àwọn kan nínú wọn ń fi owó ti ara wọn ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti òkè òkun wá lọ́wọ́.

Ìpínlẹ̀ mìíràn ní ojú àánú ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ. California, nípa òfin ọdún 2011, àti New York, nípa òfin ọdún 2019, ń fi owó ìpínlẹ̀ ran àwọn ọmọ kan lọ́wọ́ tí ìwé ìgbélùú wọn kò pé, bí wọ́n bá ti ka ìwé girama wọn ní ìpínlẹ̀ náà.

Àwọn òbí kan wà tí ọmọ wọn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n tí ìwé ti àwọn fúnra wọn kò tíì gún. Ìwé ti ọmọ ni òfin ń wò fún owó yìí, kì í ṣe ti òbí. Òbí tí kò ní nọ́ńbà Social Security pàápàá lè kọ apá tirẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Bí ẹ̀rù bá sì ń ba òbí bẹ́ẹ̀ láti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ bá agbẹjọ́rò tí ó mọ òfin àwọn àlejò, kí ó má ṣe gba ìmọ̀ràn ẹni tí ó kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

FỌ́Ọ̀MÙ TÍ À Ń PÈ NÍ FAFSA

Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni ìjọba àpapọ̀ fi ń mọ ẹni tí ó yẹ láti ràn lọ́wọ́. FAFSA ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àti ọ̀pọ̀ yunifásítì, ni wọ́n ń lo fọ́ọ̀mù kan náà láti pín owó tiwọn. Nítorí náà, ẹni tí kò bá kọ ọ́ kò pàdánù Pell Grant nìkan. Ó pàdánù owó ìpínlẹ̀ àti ti ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Àwọn mìíràn a máa wí pé, “Owó tí ń wọlé fún wa ti pọ̀ jù, wọn kì yóò fún wa.” Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí láìsí i, ọmọ kò lè gba iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yá owó tí èlé rẹ̀ rọrùn lọ́wọ́ ìjọba.

Fọ́ọ̀mù náà kò gba kọ́bọ̀. Lẹ́tà F àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀ dúró fún ọ̀fẹ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, studentaid.gov ni ibi tí a ti ń kọ ọ́, ti ìjọba sì ni. Àwọn àgbà a máa wí pé oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Bóyá nítorí èyí ni àwọn kan kò fi ka fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ sí, tí wọ́n sì ń sanwó fún ẹni tí yóò bá wọn kọ ọ́. Kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Olùdámọ̀ràn tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ọmọ náà, àti ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ ní yunifásítì, a máa ran ènìyàn lọ́wọ́ láì gba nǹkan kan.

Báyìí ni a ṣe ń kọ ọ́. Ọmọ yóò ṣí àkáǹtì tirẹ̀. Òbí pẹ̀lú yóò ṣí tirẹ̀, pẹ̀lú fóònù àti ímeèlì ti ara rẹ̀. Kí òbí má ṣe ṣí ti ọmọ fún un, kí ọmọ má sì ṣe ṣí ti òbí, nítorí àkáǹtì náà dàbí ìbuwọ́lùwé ẹni. Lẹ́yìn èyí, ọmọ àti òbí yóò fún ìjọba ní àṣẹ láti mú iye owó tí ó wọlé fún wọn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn agbowó-orí. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti fún wọn ní àṣẹ yìí ti sọ ọmọ rẹ̀ di aláìlẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìjọba àpapọ̀, ìbáà jẹ́ pé kò tilẹ̀ san owó-orí ní ọdún náà. Owó ti ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ń wò: fún ọdún ẹ̀kọ́ 2026 sí 2027, owó tí ó wọlé ní 2024 ni.

Ọmọ lè kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tó 20 sórí fọ́ọ̀mù náà. Nígbà tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò fi nọ́ńbà kan jáde tí wọ́n ń pè ní SAI. Bí nọ́ńbà náà bá ti kéré tó ni àìní ilé náà ti pọ̀ tó lójú wọn. Ó sì lè lọ sílẹ̀ ju òdo lọ, títí dé 1,500 sísàlẹ̀ òdo. Kì í ṣe iye owó tí a óò san ni nọ́ńbà yìí. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń pín owó ni. Kí a sì rántí pé ọdọọdún ni a ń kọ fọ́ọ̀mù yìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN TÍ Ó MÁA Ń DÀ WÁ LÁÀMÚ

1. Ta ni òbí? Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni ìyá ẹni ni, àbúrò bàbá ẹni bàbá ẹni ni. Ọmọ sì lè dàgbà sọ́wọ́ ìyá àgbà láì mọ̀ pé ẹlòmíràn ni ó bí òun. Òfin fọ́ọ̀mù yìí kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bí ọmọ, tàbí ẹni tí ó gbà á ṣọmọ níwájú òfin, nìkan ni òbí lójú rẹ̀. Bí ọmọ bá ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Dallas, kì í ṣe owó ti ẹ̀gbọ́n ìyá náà ni a óò kọ. Ṣùgbọ́n bí ilé-ẹjọ́ bá ti fi ọmọ sábẹ́ alágbàtọ́ nípa ìwé òfin, ọ̀ràn rẹ̀ yàtọ̀: wọn a máa ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí ó dá dúró. Ní ti bàbá àti ìyá tí wọn kò gbé pọ̀ mọ́, ẹni tí ó ná owó jù lórí ọmọ náà láàárín oṣù 12 tí ó kọjá ni yóò kọ fọ́ọ̀mù. Bí onítọ̀hún bá sì ti fẹ́ ẹlòmíràn, owó ti ọkọ tàbí aya tuntun náà yóò wà níbẹ̀.

2. Ilé àti ilẹ̀ tí a ní nílé ńkọ́? Wọn kì í ka ilé tí ìdílé ń gbé mọ́ ohun ìní, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ka owó ìfẹ̀yìntì tí a fi pamọ́ sí ibi tí òfin là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé kejì, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ohun ìní ni, a sì gbọ́dọ̀ kọ iye tí ó tó bí a bá yọ gbèsè orí rẹ̀ kúrò. Àwọn ìdílé kan wà tí owó wọn kéré tí fọ́ọ̀mù kì yóò tilẹ̀ bi ní ìbéèrè ohun ìní rárá. Ẹni tí a bá sì bi, kí ó sọ òtítọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ lórí fọ́ọ̀mù yìí lè san owó ìtanràn tí ó tó 20,000 dọ́là, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n. Gbèsè ilé-ẹ̀kọ́ nira. Ẹ̀wọ̀n nira jù ú lọ.

3. Bí òbí bá wà ní Nàìjíríà ńkọ́? Ọmọ tí a bí sí Amẹ́ríkà tí ó dàgbà ní Èkó lè padà lọ kàwé níbẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí Pell Grant bí owó ilé rẹ̀ kò bá tó. Àwọn òbí rẹ̀ yóò kọ iye owó tí ó wọlé fún wọn ní Nàìjíríà, wọn yóò sì yí náírà náà sí dọ́là. Kí wọ́n tọ́jú ìwé owó iṣẹ́ wọn àti ìwé owó-orí wọn, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ lè ní kí wọ́n mú un wá. Ṣùgbọ́n owó ìpínlẹ̀ lè má tètè kàn án: ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni ó ń fẹ́ kí ènìyàn ti gbé ibẹ̀ fún oṣù 12 kí ó tó lè jẹ nínú rẹ̀.

4. Orúkọ wo ni kí a kọ? Orúkọ wa gùn, ó sì pọ̀. Ọmọ kan lè jẹ́ Olúwaṣeun nílé, Seun nílé-ẹ̀kọ́, kí ó sì jẹ́ orúkọ Bíbélì lórí ìwé ìrìnnà. Orúkọ tí ó wà lórí káàdì Social Security gan-an ni kí a kọ, lẹ́tà sí lẹ́tà, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí kan náà. Ìyàtọ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo lè dá fọ́ọ̀mù dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

OWÓ TI ÌPÍNLẸ̀ KỌ̀Ọ̀KAN

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àṣà tirẹ̀. A kò lè ka gbogbo wọn tán. A ó mẹ́nu kan díẹ̀ kí ẹ lè mọ bí wọ́n ti yàtọ̀ síra.

New York ní owó ẹ̀bùn kan tí wọ́n ń pè ní TAP láti ọdún 1974. Ó lè tó 5,665 dọ́là lọ́dún, ó sì ní ìwé ìbéèrè tirẹ̀ lẹ́yìn FAFSA. Ìpínlẹ̀ kan náà dá Excelsior sílẹ̀ ní ọdún 2017. Kí ẹni tí ó bá gba Excelsior ka ìwé àdéhùn rẹ̀ dáadáa: iye ọdún tí ó fi jẹ owó náà ni ó gbọ́dọ̀ fi gbé ní New York lẹ́yìn ẹ̀kọ́, bí ó bá kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ̀bùn náà yóò di gbèsè.

Georgia, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí ní agbègbè Atlanta, bẹ̀rẹ̀ HOPE ní ọdún 1993, nígbà tí Zell Miller jẹ́ gómìnà. Èrè tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n fi ń san án. Wọn kì í wo owó ilé. Máàkì ni wọ́n ń wò. Ìpíndọ́gba máàkì 3.0 ni ọmọ gbọ́dọ̀ ní kí ó tó gbà á, òun kan náà ni yóò sì máa ní ní yunifásítì kí wọ́n má bàa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Maryland ní owó ẹ̀bùn fún àwọn tí kò ní, a sì ń pè é ní orúkọ Howard P. Rawlings. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, àwọn àgbà àti àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú, ní owó tí wọ́n lè pín fún àwọn ọmọ tí ń gbé ní agbègbè ìdìbò wọn. Kí òbí bèèrè orúkọ aṣòfin tí ó dúró fún àdúgbò rẹ̀, kí ọmọ sì kọ̀wé sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa èyí.

Texas ní TEXAS Grant láti ọdún 1999, fún àwọn ọmọ tí kò ní tí wọ́n ń lọ sí yunifásítì ìjọba. Illinois ní MAP, tí a ń pín títí owó ọdún náà yóò fi tán. Ẹni tí ó bá pẹ́ yóò bá àwo òfìfo. Tennessee, láti ọdún 2015, ń san owó ẹ̀kọ́ tí ó bá ṣẹ́kù fún ọmọ tí ó bá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì; ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́dọ̀ bá olùtọ́nisọ́nà ṣe ìpàdé, kí ó sì ṣiṣẹ́ wákàtí 8 fún ìlú láì gba owó.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ oko, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Ní ọdún 1862, nígbà tí Abraham Lincoln jẹ́ Ààrẹ, ìjọba fún àwọn ìpínlẹ̀ ní ilẹ̀ kí wọ́n lè fi dá kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Òfin kejì ní ọdún 1890 mú kí àwọn ènìyàn dúdú pẹ̀lú ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Lára wọn ni Prairie View A&M ní Texas àti Florida A&M. Láti ọdún 1992 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ní sikọ́láṣíìpù fún ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó bá fẹ́ kọ́ nípa oko, oúnjẹ tàbí ohun ọ̀sìn ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí. Ó ń san owó ẹ̀kọ́, ti ìwé, ti ibùgbé àti ti oúnjẹ. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ṣèwádìí lọ́dọọdún bóyá wọ́n ṣí i.

KÀLẸ́ŃDÀ ẸNI TÍ Ó Ń WÁ OWÓ Ẹ̀KỌ́

Ẹni tí ó bá gbin àgbàdo lẹ́yìn tí òjò ti lọ kò lè dá ilẹ̀ lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn yìí ní àkókò tirẹ̀.

Kíláàsì kẹjọ. Oklahoma àti Indiana ní ètò tí ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 13 tàbí 14. Kí òbí bèèrè ní ilé-ẹ̀kọ́ bóyá orúkọ ọmọ rẹ̀ ti wọlé.

Oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án, ní ọdún ìkẹyìn girama. Ẹ ṣí àkáǹtì, ẹ yẹ orúkọ wò lórí káàdì, ẹ kó ìwé owó-orí jọ.

Oṣù Kẹwàá. FAFSA a máa ṣí ní ọjọ́ 1. Ní ọdún 2023 ó pẹ́ títí di òpin oṣù Kejìlá, ọ̀pọ̀ ìdílé sì jìyà rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ṣe òfin ní ìparí ọdún 2024 pé kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá mọ́. Ẹ kọ ọ́ láàárín oṣù yìí.

Oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ 1 ni òpin fún ìforúkọsílẹ̀ ti Tennessee.

Oṣù Kìíní. Ọjọ́ 15 ni Texas máa ń fi ṣe àkókò àwọn tí a óò kọ́kọ́ wò.

Oṣù Kẹta. Ọjọ́ 1 ni ti Maryland. Ọjọ́ 2 ni ti Cal Grant ní California fún àwọn tí ń lọ sí yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin. Ní California, ẹ rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ girama ti fi máàkì ọmọ ránṣẹ́.

Oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ 1 ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń fẹ́ ìdáhùn bóyá ọmọ ń bọ̀ tàbí kò bọ̀.

Ìjọba àpapọ̀ a máa gba fọ́ọ̀mù títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà tí ó parí ọdún ẹ̀kọ́ náà. Kí èyí má ṣe tan ẹnikẹ́ni jẹ. Owó ìpínlẹ̀ àti ti ilé-ẹ̀kọ́ yóò ti lọ tipẹ́ kí ọjọ́ náà tó dé. Ọjọ́ wọ̀nyí lè yí padà. Ẹ tún wọn bèèrè lọ́dọọdún lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ yín.

BÍ ÌWÉ ÌDÁHÙN BÁ DÉ

Yunifásítì kọ̀ọ̀kan tí ó gba ọmọ yóò fi ìwé ránṣẹ́ tí ó sọ iye ìrànlọ́wọ́ tí yóò ṣe. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, nítorí ìwé náà a máa da ẹ̀bùn pọ̀ mọ́ gbèsè. Ẹ mú páńsù, kí ẹ fi ìlà sábẹ́ owó tí a kì yóò san padà nìkan. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo iye tí ọdún kan yóò gbà, àti ti ibùgbé àti ti oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ń gba 30,000 dọ́là lọ́dún. Ó kọ̀wé pé òun yóò ṣe ìrànlọ́wọ́ 22,000. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wò ó, 14,000 ni ẹ̀bùn, 8,000 ni gbèsè. Ohun tí ó kù fún ilé láti san, nísinsìnyí tàbí lọ́jọ́ iwájú, ni 16,000. Ilé-ẹ̀kọ́ kejì ń gba 52,000, ẹ̀rù sì ba bàbá nígbà tí ó kà á. Ṣùgbọ́n 40,000 ni ẹ̀bùn rẹ̀. Ohun tí ó kù ni 12,000. Èyí tí ó dàbí ọ̀wọ́n ni ó wá pọ̀. Nítorí náà kí a má ṣe fi iye tí a kọ sí ojú ìwé nìkan kọ ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀. Láti ọdún 2011 ni òfin ti ní kí yunifásítì tí ń gba owó ìjọba fi ìṣirò sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí òbí lè fi mọ nǹkan bí iye tí yóò kan ilé tirẹ̀ kí ọmọ tó tilẹ̀ bèèrè àyè.

Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ òbí lẹ́yìn ọdún tí fọ́ọ̀mù ń wò, tàbí bí ikú bá wọlé, tàbí bí àìsàn bá kó owó ilé lọ, ẹ má ṣe dákẹ́. Òfin fún ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ ní yunifásítì láyè láti tún ọ̀ràn náà wò. Kí ọmọ kọ lẹ́tà kúkúrú tí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀, kí ó sì fi ìwé ẹ̀rí tì í. Ọwọ́ wọn ni ìpinnu wà, ṣùgbọ́n wọn kò lè wo ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn.

Bí ó bá di dandan láti yá owó, ti ọmọ lọ́wọ́ ìjọba ni kí ó ṣáájú. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọmọ tí ó wà lábẹ́ òbí kò lè yá ju 5,500 dọ́là lọ níbẹ̀, kò sì ju 3,500 nínú rẹ̀ tí ìjọba yóò máa san èlé rẹ̀. Kí òbí ronú jinlẹ̀ kí ó tó fi orúkọ ara rẹ̀ kún un.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN ÀWỌN ẸLẸ́TÀN

Níbi tí owó bá wà, gbájú-ẹ̀ kì í jìnnà. Àmì wọn nìyí. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó kí ẹ tó gba sikọ́láṣíìpù, ẹlẹ́tàn ni. Ẹni tí ó bá búra pé dandan ni ọmọ yín yóò gbà á, ẹlẹ́tàn ni. Ẹni tí ó bá ní ọmọ yín ti jẹ owó kan tí kò bèèrè, tí ó sì ń fẹ́ nọ́ńbà báńkì, ẹ má dá a lóhùn. Àwọn kan a máa wọ aṣọ ọmọ ìlú kan náà, wọn a sọ Yorùbá tí ó dùn létí. Èyí kò sọ ọ́ di òtítọ́. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà Social Security ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nítorí pé ẹ jọ ń lọ sí ìpàdé kan náà.

OHUN TÍ A LÈ FI Ọ̀SẸ̀ YÌÍ ṢE

Láyé àtijọ́, ìlú a máa dáwó jọ láti rán ọmọ kan lọ sí òkè òkun, gbogbo wọn a sì máa retí rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ó wà ní Amẹ́ríkà lónìí ṣì lè ṣe ju kí wọ́n dá sikọ́láṣíìpù kékeré sílẹ̀ lọ. Kí wọ́n yan ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá, kí wọ́n pe àwọn òbí jọ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, kí àwọn tí ó ti kọ fọ́ọ̀mù náà rí ṣáájú jókòó ti àwọn tí kò tíì kọ ọ́. Kò ní ná wọn ju oúnjẹ ọ̀sán lọ.

Kí òbí tí ọmọ rẹ̀ yóò wọ yunifásítì ní ọdún tí ń bọ̀ ṣe nǹkan mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ yìí: kí ó wo orúkọ ọmọ lórí káàdì rẹ̀, kí ó pe olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́, kí ó bèèrè orúkọ owó ẹ̀bùn ìpínlẹ̀ wọn àti ọjọ́ òpin rẹ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ náà sí ara ògiri níbi tí gbogbo ilé yóò ti máa rí i. Abèèrè kì í ṣìnà. Owó náà kì í ṣe àánú tí ó yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni láti gbà. Owó-orí tí ìyá ń san nínú iṣẹ́ òru rẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.